Sí Folúkẹ́, Nípa Àwọn Sinimá Adẹ́rùbani Tí Wọ́n Ní Kí Ó Wá Máa Yàn

Kubwa, Abuja.
Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Folúkẹ́ mi ọ̀wọ́n, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí Olúwa fi pa wá lẹ́rìn-ín,

Okun o, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí ara wa nílé. Mo kí ọ ní orúkọ Olùṣọ́ tí kì í tòògbé. Ìyá rẹ kí ọ pẹ̀lú. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ti fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé yàrá tuntun rẹ ní Idu, nítorí, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ẹ̀fọn kò mọ̀ pé o ti kàwé gboyè. Mo ti bi ọ́ o.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí a ti ń ti ilé ìsìn bọ̀, o pè mí lórí fóònù. Ọkọ̀ ń pariwo ní títì Kubwa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ dáadáa. O ní, "Dádì, wọ́n fún mi níṣẹ́ ní ilé sinimá tuntun tó wà ní Idu, èyí tí wọ́n fi ilé ìkẹ́rùsí ṣe. Fíìmù àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ máa fi hàn lọ́jọ́ Sátidé: ti adẹ́rùbani, ti apànìyàn, àti àwọn olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba máa ń fòfin dè nígbà yẹn. Èmi ni n ó máa yàn wọ́n, èmi ni n ó sì máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wò wọ́n. Ọjọ́ Ẹtì ni Hájíà tó ni ibẹ̀ fẹ́ gbọ́ èsì. Bí ẹ bá ní kí n má gbà á, Dádì, n kò ní gbà á." Lẹ́yìn náà o rín ẹ̀rín kékeré tí o máa ń rín bí àyà rẹ bá ń já, o sì ní kí n kí Mọ́mì.

Ọ̀rọ̀ "n kò ní gbà á" yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ tí ó ti tó sanwó ilé ara rẹ̀, tí ó tún mú ọ̀nà ara rẹ̀ wá fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹrù ńlá ni ó gbé fún bàbá náà. Bí mo bá sọ pé rárá nítorí ohun tí àwọn ará ìjọ yóò wí, ayọ̀ rẹ ni mo fi ra ìyìn fún ara mi. Bí mo bá sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nítorí kí o má baà fajú ro sí mi, mo ti fi ipò bàbá sílẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. N kò ní kọ èsì mi sí ojú ewé kìn-ín-ní, nítorí mo mọ̀ ọ́: bí o bá ti rí i, wàá ká ìwé náà sínú báàgì, ìyókù yóò sì di ti aáyán. Mo mọ̀ pé kíka Yorùbá kò yá ọ lára bí gbígbọ́ rẹ̀. Kà á sókè. Ẹnu yóò ran ojú lọ́wọ́.

O lè máa rò pé ọ̀rọ̀ fíìmù adẹ́rùbani ṣe àjèjì sí ọkùnrin tí o ti ń rí láti kékeré pẹ̀lú ìwé orin lábẹ́ apá. Jẹ́ kí n sọ fún ọ bí mo ṣe kọ́kọ́ bá a pàdé.

Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní ìlú wa. O mọ̀ pé ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni à ń lọ sí Gálílì, tí a ń gbé ìrẹsì àti ẹran lọ sí abẹ́ igi, tí a ń jó. Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pinnu pé a ó fi sinimá parí Gálílì ti ọdún náà. Wọ́n rán èmi àti Bádé, ọ̀rẹ́ mi tí òun náà jẹ́ olùkọ́, lọ sí Lọ́kọ́ja lọ yá ẹ̀rọ àti fíìmù. A sọ fún ọkùnrin tí ń yáni ní fíìmù pé ìtàn ẹni tí ó jíǹde nínú ibojì ni a fẹ́. Ó wo orí pẹpẹ rẹ̀, ó ní, "Ẹyọ kan ló kù. Ṣùgbọ́n ó jíǹde dáadáa." A dúpẹ́, a sanwó, a sì gbé e lọ. A kò ní kí ó fi díẹ̀ hàn wá. Bàbá Kátíkísì, tí ń darí ìsìn ìjọ wa, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé fíìmù mímọ́ kì í ṣe iṣu tí a ń fọwọ́ tẹ̀ wò kí a tó rà á.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a ta aṣọ funfun sí ara ògiri ilé ẹ̀kọ́. Bàbá Kátíkísì gbàdúrà, ó gùn. A kọ orin Àjíǹde. Èmi ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí n máa túmọ̀ òyìnbó sí Yorùbá. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. A rí ibojì, òkúta sì wà lórí rẹ̀. Òkúta náà mì. Bàbá Kátíkísì kígbe pé, "Haleluyah!" Gbogbo pápá dáhùn. Ọwọ́ kan yọ jáde, funfun bí ẹfun, àtẹ́wọ́ sì bú jáde. Lẹ́yìn náà ọkùnrin náà dìde tòun ti aṣọ dúdú àti eyín gígùn, ó rìn lọ bá ọmọbìnrin kan tó sùn, ó sì gbé ẹnu lé e lọ́rùn.

Gbogbo ojú yí sí mi. Kí ni kí n sọ? Mo gbé gbohùngbohùn sókè, mo ní, "Ó... ó ń fi ìfẹnukonu mímọ́ kí arábìnrin wa."

Ìyá arúgbó kan dáhùn láti iwájú pé, "Tíṣà, ìfẹnukonu wo ló ń sun ẹ̀jẹ̀ báyìí?"

Ibẹ̀ ni a ti túká. Bàtà ọmọdé, bàtà àgbà, gbogbo rẹ̀ kù sórí pápá. Bádé ti dé ẹnu géètì kí n tó yíjú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o mú nínú ìtàn yìí nìyí: wọ́n padà. Wọ́n ń rọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n di ara wọn lápá mú, wọ́n ń yọjú lẹ́yìn igi máńgòrò. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin inú fíìmù gbé àgbélébùú sókè, tí òkú náà sì ń fà sẹ́yìn, igbe tí wọ́n ké ju ti orin Àjíǹde lọ. Mo ní kí n pa ẹ̀rọ náà, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Bàbá Kátíkísì lẹ́yìn mi pé, "Má pa á, Tíṣà. A ti dé ìdajì. Jẹ́ kí a rí bí Olúwa yóò ṣe ṣẹ́gun."

Èkíní nìyí, ọmọ mi. Má ṣe fi ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò tíì wò dé òpin han ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àkọlé rẹ̀, kì í ṣe àwòrán ara páálí rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó fẹ́ yá ọ. Jókòó tì í, ìwọ nìkan, kí o wò ó.

Èkejì ti inú rẹ̀ jáde. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run ni ó fi í sí wa lára, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi òógùn sí wa lára. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti bẹ̀rù papọ̀, ní ibi tí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n lè dì mú, kí wọ́n sì rí òpin ohun tí ń dẹ́rù bà wọ́n. Ní ilé, olúkúlùkù ní ìbẹ̀rù tirẹ̀ tí kò ní òpin tí a lè jókòó wò: àìsàn, ọmọ tí kò pè, iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́. Fíìmù àtijọ́ fún ìbẹ̀rù ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fún un ní ìparí, ó sì tan iná fún wa lẹ́yìn rẹ̀ kí a lè wá bàtà wa. N kò rí ibi tí èyí gbé kọlu ìgbàgbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ògbufọ̀ sinimá, o kò mọ̀! Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ sinimá bá dé agbègbè wa, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Mo wo fíìmù òyìnbó, mo wo ti Íńdíà tí ejò ń di obìnrin, mo wo ti àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ jà ní orí òrùlé. Nítorí náà, ohun tí n ó sọ nípa wọn, ojú mi ló rí i.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù lọ ni àwọn tí kò tètè fi iwin wọn hàn. Òjìji kan lórí àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn tí a ti tì, tí a sì tún bá ní ṣíṣí. Àga tí ń mì, tí kò sí ẹni tó jókòó lé e. Àwọn tó ṣe wọ́n kò lówó, wọn kò sì lè ṣe ẹranko tó dára, nítorí náà wọ́n fi í pamọ́, ọkàn wa sì bá wọn ṣe èyí tó burú ju gbogbo èyí tí owó lè ṣe lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn tí wọ́n ń mú ẹranko wọn jáde kí a tó jókòó tán, ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mí. Mo rí ọ̀kan tí síìpù aṣọ rẹ̀ hàn gbangba lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn òun náà, kí n má purọ́. Ẹni tó wọ aṣọ yẹn nínú oòrùn, tó ń bú ramúramù tọkàntọkàn, iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Abuja fi í ṣe ẹlẹ́yà jù. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí ó jẹ́ ẹ̀rín tí a ń rín sí ẹ̀gbọ́n ẹni.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí àwọn fíìmù òyìnbó wọ̀nyẹn: kí ló dé tí àlùfáà inú wọn kì í tètè dé? Gbogbo ìlú yóò ti kú tán kí ó tó wá ìwé àdúrà rẹ̀. Mo bi Bàbá Kátíkísì nípa èyí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Tíṣà, bóyá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló jò."

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ti apànìyàn, àwọn tí kì í jẹ́ kí a lè mí. Agbára wọn wà nínú sùúrù. Àwa òǹwòran mọ̀ pé ọkùnrin burúkú náà wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Obìnrin inú fíìmù kò mọ̀, ó ń ti ọjà bọ̀, ó ń kọrin. Pápá wa yóò máa kígbe pé, "Má wọlé o! Arábìnrin, padà!" Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń sọ fún ara yín nínú sinimá pé kí ẹ dákẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, bí àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ Idu bá wá wo fíìmù rẹ, má pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ń kígbe pé "má wọlé" sí obìnrin tí kò lè gbọ́ ọ, ìfẹ́ ọmọnìkejì ni ó ń ṣe ìdánrawò rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó yẹ kí o fi kọ́gbọ́n, nítorí pé ìwọ náà yóò máa dúró níwájú àwọn ènìyàn. Ní abúlé kan, mo ti wo fíìmù náà lọ́sàn-án nígbà tí wọ́n ń dán ẹ̀rọ wò. Bí àwọn ènìyàn ti pé tán, ọgbọ́n gùn mí. Mo ń túmọ̀, mo sì ń fi ìmọ̀ mi kún un. Ọkùnrin onífìlà kan wọlé nínú àwòrán, mo ní, "Ẹ kíyè sí onífìlà yìí o, òun ló pa ìyàwó rẹ̀, ẹ óò rí i nígbẹ̀yìn." Inú mi dùn sí ara mi. Baálẹ̀ abúlé náà yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo ní, "Rárá, Bàbá." Ó ní, "Ó dáa. Wọ́n ti se iyán fún yín, ẹ lọ máa jẹ ẹ́. Àwa yóò wo ìyókù láìgbọ́ òyìnbó." Mo lọ jẹ iyán. Wọ́n sì gbádùn fíìmù náà láìsí mi. Mo ń gbọ́ igbe wọn láti inú ilé.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Nígbà tí o bá dìde láti sọ̀rọ̀ níwájú fíìmù, sọ ìwọ̀nba tí yóò ṣí ilẹ̀kùn, kí o sì jókòó.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n Alàgbà Tìmótì wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ àná, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ dára ju ẹ̀kẹrin lọ. Ó mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ. N kò bèèrè ẹni tó sọ fún un. O mọ ìjọ wa.

"Bàbá Folúkẹ́," ó ní, "ọ̀rọ̀ kan dé etí mi, ó sì wúwo."

"Ẹ jókòó ná, Alàgbà. Ẹrù tó wúwo, a kì í dúró sọ̀ ọ́."

"Wọ́n ní ọmọ yín fẹ́ máa fi òkú àti iwin han àwọn ènìyàn ní Idu. Ojú ni ilẹ̀kùn ọkàn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá rẹ gbé omi fún un. "Alàgbà, ṣé ẹ̀yin náà ti wo irú rẹ̀ rí ni?"

"Èmi? Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní Kaduna. Mo wò ó kí n lè mọ ohun tí a ó máa gbàdúrà lé lórí ni."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan ni. Ó lọ yá ilé lọ́wọ́ opó kan. Opó náà ní kí ó má gun òkè àjà láé. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè: gbì... gbì... gbì..." Alàgbà ti dìde. Ó ń rìn káàkiri pálọ̀ wa láti fi bí ẹsẹ̀ náà ti rí hàn wá. "Ó mú àbẹ́là. Ó gun àtẹ̀gùn. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn báyìí..."

Ọmọrí ìkòkò jábọ́ ní kíṣìnnì.

Alàgbà Tìmótì, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, fò gun àga mi. Ó ní, "Yéè! Ó ti dé!" Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Alàgbà, kí ẹ sì parí rẹ̀. Ta ló wà lókè àjà?"

"N kò lè sọ. Ọ̀rọ̀ òkùnkùn ni."

"Ẹ kò ní kúrò nínú ilé yìí láìsọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ọkọ opó náà ni, ó sì wà láàyè. Ìyá rẹ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀.

Ṣùgbọ́n kí Alàgbà tó lọ, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ ohun kan tí n kò fi rẹ́rìn-ín. "Bàbá Folúkẹ́, iwin kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún un. Ojú ọmọ náà ni. Ẹ sọ fún un kí ojú rẹ̀ má kú." Òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tí ń wo ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí iṣẹ́ lè dé ibi tí kò ti ní rí nǹkan mọ́ ju bí wọ́n ṣe po ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Ní ọjọ́ tí o bá wo ènìyàn tí ń jìyà lójú àwòrán, tí ara rẹ kò sì bù máṣọ, pa ẹ̀rọ, kí o gba ìsinmi. Wọ ọkọ̀ lọ sí Kwali, lọ jókòó ti àwọn obìnrin tí ń mọ ìkòkò, kí o wo bí ohun tó ní ẹwà ṣe ń jáde láti inú ẹrẹ̀. Kí o má padà sẹ́nu iṣẹ́ títí ojú rẹ yóò fi jí.

Ó wá ku ti ilé wa, àwọn fíìmù kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń yá ní Kubwa nígbà tí o wà ní ọmọdé: ọkùnrin tí ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe owó, tí òkú ìyàwó náà sì ń yọ sí i nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ìbéèrè mi lórí wọn kò pọ̀. Kí ló dé tí gbogbo òkú fi ń lo páúdà? Ta ló ń tà á fún wọn? Kí ló sì dé tí iná mànàmáná kì í lọ nínú ilé olówó ẹ̀jẹ̀? Bí a bá yọ èyí kúrò, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé owó tí a fi ẹ̀mí rà kì í tọ́jọ́, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Àmọ́ ṣé o rántí Ìyá Àgbà, arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́? Ó máa ń fún ọ ní gúgúrú. O wo fíìmù kan tí àjẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ arúgbó olójú kan. Láti ọjọ́ kejì, bí ó bá ti pè ọ́, sísá ni. Ó wá bá ìyá rẹ, ó di gúgúrú náà sínú ọ̀rá, ó ní, "Ìyá Folúkẹ́, kí ni mo fi ṣe ọmọ yìí?" Ọmọdé ni ọ́, n kò dá ọ lẹ́bi. Èmi ni mo ra tẹlifíṣọ̀n, èmi ni n kò sì jókòó tì ọ́ láti sọ fún ọ pé oṣèré ni, pé ó ti lọ sílé rẹ̀ lọ jẹun. Nítorí náà, kí o tó yan fíìmù kan, bi ara rẹ léèrè: bí àwọn ènìyàn bá jáde nínú gbọ̀ngàn yìí, ta ni wọn yóò máa sá fún? Bí ó bá jẹ́ ìkà inú ara wọn ni, fi í hàn. Bí ó bá jẹ́ arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ilé wọn, bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Mo ti wá kan ibi tó le jù lọ, Àbẹ̀kẹ́, nítorí lórí èyí ni èsì mi dúró.

Nínú àwọn fíìmù olówó pọ́ọ́kú tí o sọ, irú méjì kan wà tí ara ènìyàn ni ọjà wọn. Èkíní ni mo wò ní Kaduna, èmi àti Bádé, nígbà tí a lọ fún ìdánwò. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń jó yí ìkòkò ńlá kan ká nínú igbó, wọ́n gbé òyìnbó kan sínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ sè é jẹ. Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, dúdú sì ni gbogbo wa. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bádé, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ, dákẹ́. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Tíṣà, nínú gbogbo abúlé tí a ti gbé, ṣé o rí ìkòkò tó gba odindi ènìyàn rí?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹni tó ṣe fíìmù yẹn kò bi ìyá ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń se ọbẹ̀. Àwa wá jókòó, a sanwó, a ń bá a rẹ́rìn-ín ìyá wa." Irú fíìmù yìí, n kò ní kí o sun ún níná. Bí o bá fẹ́ fi í hàn, fi í hàn bí ẹni tó mú ọ̀bẹ olè wá sí àárín ọjà: kí a mọ ohun tí wọ́n fi gé wa.

Èkejì ni àwọn tí wọ́n tú obìnrin síhòòhò, tí wọ́n lù ú, tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, tí kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀ ju pé kí ọkùnrin lè sanwó wò ó. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wí pé iṣẹ́ ọnà ni. Bóyá ọ̀kan nínú wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹnì kan ni obìnrin tí ń sunkún yẹn, àwa tí a jókòó kò sì lè mọ̀ bóyá ẹkún eré ni tàbí ẹkún òótọ́. Ohun tí a kò lè mọ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi gúgúrú wò ó.

Èsì mi nìyí. Gba iṣẹ́ náà, ọmọ mi. Gbà á pẹ̀lú ayọ̀. Ojú rẹ mọ́, ẹnu rẹ dùn, o sì mọ bí a ti ń jókòó pẹ̀lú ènìyàn. Mo fẹ́ kí ọmọ tó mọ Ọlọ́run wà níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù, kí ó tan iná fún wọn nígbà tó bá parí.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, kí o tó buwọ́ lùwé, sọ fún Hájíà pé irú èkejì yẹn wà, pé ìwọ kò ní yàn án, bí ó ti wù kí ó mú èrò wá tó. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn di ọjọ́ mìíràn. Ohun tí a kò sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máa ń ṣòro láti sọ nígbà tí a bá ti ń jẹ nínú rẹ̀. Sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, má bẹ̀bẹ̀, má sì sọ ọ́ di ẹjọ́. Bí ó bá gbà, o ti rí ọ̀gá rere. Bí kò bá gbà, dìde, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa bọ̀ ní Kubwa. Ojú kò ní tì ọ́ nínú ilé yìí.

Ìyá rẹ ti ka gbogbo èyí tán. Ó ní mo gùn bí ìwàásù ọdún ìkórè. Ó sì ní kí n fi èyí kún un lọ́rọ̀ tirẹ̀: "Bí Hájíà bá gbà, èmi fẹ́ ìjókòó iwájú ní Sátidé àkọ́kọ́. Kí o wá ibi kan fún bàbá rẹ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nítorí òun ló máa ń sá." N kò ní bá a jiyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a ó wà lórí eékún fún ọ, èmi àti òun. Kí Olúwa fi ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere sí ọ lẹ́nu, kí ó sì fún ọ ní ojú rere níwájú ẹni tí o fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Yálà Hájíà gbà tàbí kò gbà, ìbùkún mi ti wà lórí rẹ láti òní. O kò tún ní láti pè mí bèèrè rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.